Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Lateefah

Ohun tó kọ́kọ́ ta Sọ̀fíyàt lólobó ni fóònù rẹ̀ tí iná inú rẹ̀ kì í tán mọ́.

Tẹ́lẹ̀, bí Lateefah ọmọ rẹ̀ bá ti ilé-ìwé dé, kàtúùnù lórí fóònù ni. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á ní òun ń bọ̀. Gbogbo ariwo ìyá rẹ̀, etí ikún ló ń kọ sí i. Àfi bó ṣe ṣàdédé fi fóònù sílẹ̀ lórí ibùsùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò bojú wẹ̀yìn. Bó bá sì wọlé nírọ̀lẹ́, òógùn á ti bò ó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á funfun báláú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan o.

“Níbo lo ti ń bọ̀?”

“Ẹ̀yìnkùlé Mama Rebecca ni, mọ́mì.”

“Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Wọ́n ní ká má tíì sọ.”

Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí kò tẹ́ Sọ̀fíyàt lọ́rùn. Ìlàjẹ ni Mama Rebecca, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń rà lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń tà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí gbogbo wọn ń gbé ní Lasunwon. Sọ̀fíyàt gba ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù lọ, yàrá tiwọn kọjú síra.

“Èmi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni,” ni Kúlúsúmù wí, “àmọ́ etí omi ni màmá yẹn ti wá. Ẹsẹ̀ kan lo ní ó ń funfun?”

“Ọ̀tún.”

“Ẹfun nìyẹn. Wọ́n ti ń mú ọmọ ẹ wẹgbẹ́.”

“Ṣebí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ta ni ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì?”

Ọmọ kan ṣoṣo tí Sọ̀fíyàt bí nìyí. Ó pinnu pé bó bá jóòótọ́, Lateefah á wọ mọ́tò lọ bá ìyá òun ní Ìwó, bó tiẹ̀ máa dun òun dé egungun.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sápamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Ó gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn ọmọ. Ohùn màmá náà ló wá dún.

“Gbé e sókè. Má jẹ́ kó kanlẹ̀. Bó bá ti kanlẹ̀, o kú nìyẹn.”

Sọ̀fíyàt fò jáde, “Aúsù bílláhi” lẹ́nu rẹ̀.

Lateefah rèé, ó ń fẹsẹ̀ ọ̀tún fò lórí sìmẹ́ǹtì, ó ká tòsì kò. Súwè ni wọ́n ń ṣe. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi fa ilé súwè náà ló ń fọ́n ká lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìfura ò kúrò lójú Sọ̀fíyàt. “Mà, kí lẹ fún àwọn ọmọ yìí tí wọ́n fi gbàgbé fóònù?”

Mama Rebecca ò dìde lórí àpótí. “Mo kàn ní àwọn ìyá wọn ò lè fò ó dópin ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n ná, káwọn tó pè yín wá figagbága.”

“Wọn ò lè fò ó lóòótọ́,” ni Gift, ọmọ-ọmọ màmá náà, wí. “Mọ́mì Lateefah ti sanra jù.”

Sọ̀fíyàt bọ́ sílípáàsì, ó so ìró le. Ó ju òkúta, ó fo ilé kìíní, ó fo ìkejì. Níbi ìkẹta, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

“Ẹ ti kú, mọ́mì,” ni Lateefah wí. “Ẹ tẹ ìlà.”

Sọ̀fíyàt bẹ̀rẹ̀ wo ìlà náà, ó sì yí ojú wo Mama Rebecca. “Ta ló sún ìlà yìí?”

“Ìlà kì í rìn, Ìyá Lateefah.”

“Mo mọ ohun tí mo rí, mà.” Ó wọ sílípáàsì rẹ̀. “Lọ́la, èmi fúnra mi ni n ó fà á.”