Ẹyẹ Tí Kì Í Ju Apá

Àwòdì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ohun tí obìnrin náà fẹ́ràn tó kó wà lókè. Bàálù kékeré ló ń wà, irú èyí tí èrò àti awakọ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ara wọn nínú ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló gbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá náà ni, ó ń padà sílé. Ojú tó ti ń ríran bàìbàì tipẹ́ kò fẹ́ ṣẹ́ mọ́.

"Ọmọ mi, odò nìyẹn àbí títì?"

"Odò ni, bàbá."

"Gbogbo ilé ló wá kan òrùlé pupa báyìí?"

Àwòdì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀, ojú Àwòdì wà lára ọ̀nà ìbàlẹ̀ níwájú. Bàbá bá fìka kan gíláàsì lápá ọ̀tún.

"Ẹyẹ wo lèyí tí kì í ju apá?"

Àwòdì wo ibẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Dírónù ni, bàálù pínníṣín tí ènìyàn ń darí láti ilẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá sí iwájú wọn gan-an. Kíá ló yà sósì, ó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, bàálù gbé imú sókè. Dírónù náà kọjá lábẹ́ apá wọn. Ó kù díẹ̀ báyìí.

"Bàbá, ẹ ṣeun."

"Ìwọ ni kí wọ́n kí. Èmi ṣáà rí i ni."

Àwòdì fi rédíò sọ fún àwọn tó wà nílé ìṣọ́ tó ń darí bàálù, ó yí po, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ẹni tó ni dírónù lẹ́yìn ọgbà pápákọ̀ òfurufú. Ayàwòrán ni, ó ń fi dírónù náà ya fọ́tò ilé tuntun kan tí wọ́n fẹ́ tà.

"Ẹ máà bínú, mà," ló wí fún Àwòdì. "Mo gbọ́ ìró bàálù yín. Mo rò pé ẹ máa rí i, kí ẹ sì yà fún un."

Ọ̀rọ̀ tí yóò bó o láwọ ti wà lẹ́nu Àwòdì. Ó gbé e mì. "Wá bá mi lọ́la," ló sọ. "Fi dírónù ẹ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ kan."

Lọ́jọ́ kejì, ayàwòrán jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bàálù. Ilé ìṣọ́ ti fún wọn láṣẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé dírónù náà sókè díẹ̀ lórí pápá kan tó ṣófo, bàálù sì wà lókè réré sí i.

"Ó yá, wá a fún mi," Àwòdì wí.

Ayàwòrán wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òógùn bò ó.

"Ṣé ó tiẹ̀ ti gbé e sókè, mà?"

"A ti kọjá lórí ẹ̀."

Ayàwòrán yíjú wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Tèmi gan-an ni mi ò rí yẹn?"

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ayàwòrán kó gbogbo àwọn tó ń lo dírónù nílùú jọ. Wọ́n fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa gbé tiẹ̀ sókè láìkọ́kọ́ pe ilé ìṣọ́.

Láàárọ̀ kan, bí Àwòdì ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, ilé ìṣọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò: "Àbúrò yín ayàwòrán wà lórí fóònù o. Ó ń bèèrè bóyá ọ̀nà là."

"Ẹ ní kó fún mi láyè díẹ̀."

"Ó ní kí ẹ rọra máa bọ̀. Òun ń gbọ́ ìró yín, òun ò tíì yọ dírónù òun nínú báàgì."