Afẹ́fẹ́ Tí Kò Jáde

Kò sí awakọ̀ tírélà tó ń gba ọ̀nà náà kọjá tí kò mọ Ìyá Táyà. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ ki pọ́pọ́. Baba rẹ̀ ló kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin níṣẹ́ fọkanáísà, iṣẹ́ àtúnṣe táyà, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Àbúrò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ fẹ́ awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Ìyá Táyà kì í pe orúkọ ọkùnrin náà. "Ọkọ àbúrò mi" ló máa ń wí, bí ẹni ń pe orúkọ àìsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Kíákíá gbé tírélà rẹ̀ dé, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú ọkọ̀. Ojú òsì àbúrò náà ti wú di, ètè rẹ̀ sì ti bẹ́. Ìyá Táyà wò ó, kò bèèrè nǹkan kan, nítorí ó ti bèèrè títí ó fi sú u. "Mo ṣubú ní balùwẹ̀" ni ìdáhùn tó ń gbọ́ láti ọdún mẹ́ta. Balùwẹ̀ wo ló ń luni bẹ́ẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pààrọ̀ fáàfù táyà ẹ̀yìn," ni Kíákíá wí. "Ó ń jò. Mi ò ní dúró pẹ́ o."

"Ìdérí ẹnu fáàfù dà?"

"Ó ti já bọ́."

Ó ti já bọ́ láti bí oṣù mélòó kan, Ìyá Táyà sì ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Fáàfù ni ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà; èyí tí kò bá ní ìdérí, ẹrẹ̀ ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Ó tú táyà náà kúrò lára ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, òrùka irin tó dè é mọ́ ríìmù kọjú sókè. Ó wá tú píìnì inú fáàfù. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa hó jáde fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ó kàn ṣe fìn-ín, ó dákẹ́.

"Ó ti tán," ni Kíákíá wí, ó sì gbé òòlù ńlá láti fi gbá òrùka náà kúrò.

"Kò tíì tán. Ẹrẹ̀ ló dí i. Jẹ́ kí n mú wáyà wá, kí n fi gún un. Afẹ́fẹ́ ṣì kún inú ẹ̀. Tó o bá gbá òrùka yẹn, á fò, á sì gé orí ẹ lọ."

"Wáyà, wáyà. Ojoojúmọ́ ni wáyà."

Ìyá Táyà di òòlù náà mú. Kíákíá gbá a létí, kì í sì í ṣe ìgbátí eré. Obìnrin náà fi ẹnu gbá ríìmù tó wà nílẹ̀, eyín rẹ̀ kan kán, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyá burúkú," ni ẹni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan wí. "Ìwọ àti àbúrò ẹ, ẹ ò lè gbọ́ràn àfi tí wọ́n bá lù yín."

Ìyá Táyà dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí irin tó bá fò kò lè dé. Ká má parọ́, ó lọ síbẹ̀ láti dúró ni. Ó ti kìlọ̀ tán. Òòlù méjì péré, balùwẹ̀ kò tún ní lu àbúrò rẹ̀ mọ́ láyé. Inú rẹ̀ dùn sí èrò yìí, ó dùn gan-an, ìdùnnú náà sì bà á lẹ́rù.

Òòlù àkọ́kọ́ ró. Òrùka náà mì tìtì, kò ṣí. Kíákíá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, orí rẹ̀ wà lókè ríìmù gan-an. Ẹsẹ̀ Ìyá Táyà gbéra kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó he irin gígùn tí wọ́n fi ń já táyà, ó sáré bọ́ síta.

"Sọ òòlù yẹn sílẹ̀."

Kíákíá rẹ́rìn-ín, ó tún gbé òòlù sókè. Irin náà bà á lọ́rùn ọwọ́. Egungun ró kàù, òòlù bọ́. Ẹyọ kan yẹn ti tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Èkejì, tó bà á lórúnkún, Ìyá Táyà kò lè sọ pé nítorí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ni. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Kò lè sọ tìyẹn náà.

Ọkùnrin náà wó lulẹ̀, ó ń ké. Ìyá Táyà wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kúrò nítòsí táyà, ó mú wáyà, ó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ gbọọrọ, ó sì ti wáyà náà bọ inú fáàfù. Ẹrẹ̀ fọ́n jáde, afẹ́fẹ́ sì bú sígbe tẹ̀ lé e, eruku bo gbogbo wọn. Ó hó títí. Kíákíá dákẹ́ igbe tirẹ̀, ó ń wo fáàfù náà. Ìtọ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀.

Àbúrò sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ó kọjá lára ọkọ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ fún un.

"Mo gbọ́ fáàfù yẹn nígbà tó ṣe fìn-ín tó dákẹ́," ó wí. "Bàbá wa ló kọ́ èmi náà. Mo mọ̀ pé ó ṣì kún."

"O ò pariwo."

"Mi ò pariwo. Mo di ojú mi kan tó ṣẹ́ kù, mo ń retí kí òrùka yẹn fò."

Afẹ́fẹ́ náà tán. Omi bọ́ lójú àbúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá dá a dúró fún?"

Kíákíá gbọ́ ìbéèrè náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀, ó sì ń fi ìdí wọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.