Àga Pupa Iwájú

Ní àdúgbò wa ní Toa Payoh, ẹni tó bá fẹ́ gba àyè sílẹ̀ nílé kọfí kò nílò ẹ̀ṣọ́. Yóò kàn ju àpò tíṣù kékeré kan sórí tábìlì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ tò fún oúnjẹ. Olówó ò ní jókòó síbẹ̀, ọlọ́pàá ò ní jókòó síbẹ̀. Mo ti rí aláboyún tó gbé abọ́ ìrẹsì àti adìyẹ dání, tó dúró ti irú tábìlì bẹ́ẹ̀, tó ń wo tíṣù bí ẹni ń wo ọba lórí ìtẹ́.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó Tay Heok Chuan. Tíṣù tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn arúgbó ń tà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní òdòdó wúrà lára, ilẹ̀ Japan ló sì ní òun ti ń rà á. Bí a bá ti rí tíṣù aláwọ̀ ewé lórí tábìlì, a ti mọ̀ pé Alága ń bọ̀.

Alága ni lóòótọ́. Ní oṣù keje ọdọọdún, nígbà tí ilẹ̀kùn ọ̀run bá ṣí tí àwọn òkú bá jáde wá wò wá, òun ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń gbà wọ́n lálejò. Òun ló ń yan ẹlẹ́dẹ̀ sísun, òun ló ń háyà àwọn akọrin, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í kúrú, nítorí náà a máa ń mú abẹ̀bẹ̀ dání.

"Odindi la wá," á ní, á sì na ọwọ́ méjèèjì, "odindi la ó padà!"

Kì í ṣe ariwo lásán. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí ọsibítù, wọ́n ti yọ awọ dídán tó bo ẹyinjú bàbá náà fún afọ́jú kan kí àwọn ọmọ tó mọ ohun tó ń lọ. Bí òfin wa ṣe rí nìyẹn: ẹni tí kò bá sọ láàyè pé òun ò fẹ́, ó ti gbà. Tay kò dárí jì wọ́n. Ó buwọ́ lù ú pé òun kọ̀, ó ní kí Siok Hwa ìyàwó rẹ̀ buwọ́ lù ú, ó sì kanlẹ̀kùn káàkiri títí ìdajì ilé gogoro wa fi kọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó kọ̀. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn pẹ̀lú Alága kó tètè rí oorun sùn.

Ọdọọdún ló tún máa ń lọ sọ́dọ̀ Lau Pek Seng, tó ń fi pépà lẹ ilé àti mọ́tò tí a ń sun ránṣẹ́ sí òkú, pé kó bá òun lẹ ojú méjì fún bàbá òun. Ìpéǹpéjú wọn gùn gbọọrọ. Bàbá náà kò ní irú rẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀.

Nígbà tó yá, kíndìnrín Alága méjèèjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Nabilah, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gbé e dọ́jọ́ alẹ́. Kíndìnrín ẹlòmíràn ló lè gbà á.

"Ó dáa," ni Tay wí. "Ẹ fún mi."

"Bàbá, orúkọ yín wà lára àwọn tó kọ̀."

"Èyí tí mo kọ̀ ni kí n fúnni. Mi ò kọ̀ pé kí wọ́n fún mi."

"Òfin ò ní kí ẹ má gbà á, Bàbá. Ẹ lè gbà á. Ẹ̀yìn ṣá ni ẹ máa tò sí."

"Ẹ̀yìn ta?"

"Ẹ̀yìn gbogbo àwọn tí kò kọ̀."

"Ṣé wọ́n pọ̀ ni?"

Dókítà wo ojú fèrèsé. "Wọ́n pọ̀, Bàbá."

Tay tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Dókítà, mo mọ àwọn èèyàn ńlá nílùú yìí o."

"Àwọn kan nínú wọn wà lórí ìlà náà."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé ilé kọfí. Mui Eng tó ń ta kọfí kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Alága! Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bu nínú ìkòkò yín, ẹ wá gbé abọ́ dání lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará ilé kejì."

"Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, Mui Eng. Ṣé torí pé ẹnì kan ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ebi wá pa á kú?"

"Rárá o. Kó jẹ èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ sè."

Mo dá sí i, torí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní aláìsàn ni aláìsàn, ọsibítù kì í bi olè léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, òwú ìránṣọ ò wọ́n ní ọsibítù," ni Mui Eng dáhùn, ó sì ń fi aṣọ nu tábìlì lọ. "Kíndìnrín ńkọ́? Bí ẹyọ kan bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn ni ò rí i gbà. Ẹni tó ti ṣílẹ̀kùn ilé tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé òun ló yẹ kó kú kí ẹni tó tilẹ̀kùn tirẹ̀ lè yè?"

Tay ló fèsì. "Ẹni tó wà lẹ́yìn náà, èèyàn ni."

"A ò sọ pé ẹranko ni yín. Ẹ̀yìn la ní kẹ́ ẹ tò sí." Ó gbé kọfí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ohun kan ló tiẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn. Tí wọ́n bá fún yín, tẹ́ ẹ wá dé ọ̀dọ̀ bàbá yín lọ́run, tó kà yín tó bá ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, ta lẹ máa ní ẹ jẹ́? Odindi àtààbọ̀?"

Gbogbo ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín. Tay náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni ń yẹ àpò wò bóyá wọ́n ti jà á lólè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti òun nìkan wà nínú lífìtì.

"Tíṣà, mo ti yí i padà."

"Kí lo yí padà?"

"Kíkọ̀ yẹn. Mo ti ní mo gbà. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún méjì, èmi àti àwọn yòókù á dọ́gba lórí ìlà." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri irin ló wà níbẹ̀. "Bí mo bá ti rí i gbà tán, mo tún máa kọ̀."

"Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ kí ọdún méjì tó pé ńkọ́? Wọ́n á mú nínú ara tìrẹ náà."

"Nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀."

"Heok Chuan."

"Mo ní nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀! Ìwọ ṣáà dákẹ́. Màmá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́, Siok Hwa ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣé kí ilé gogoro yìí máa fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé ara rẹ̀ bí ẹyin. Kò gba abẹ́ fèrèsé tí wọ́n na ọ̀pá aṣọ jáde sí kọjá mọ́. Bó bá fẹ́ sọdá títì, á dúró de àwọn ọmọ iléèwé, á sì tẹ̀ lé wọn bíi pé òun ni olùṣọ́ wọn. Ọkùnrin tó ti ń fi tíṣù gba àyè láti ọjọ́ yìí ti wá rí ìlà tí tíṣù ò ràn.

Oṣù keje dé. A kọ́ pèpéle, a sun tùràrí títí ojú fi ń ta wá. Ìlà àga kìíní, àga rọ́bà pupa, la fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa fún àwọn àlejò tí a kì í fojú rí. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ pé a kì í jókòó síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tay ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹ̀rọ dé ni, ojú rẹ̀ funfun ju ẹ̀wù tó wọ̀ lọ. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó gun pèpéle. Ó kí wa. Ó kí àwọn àlejò.

"Odindi la wá," ló wí.

A ń retí ìyókù. Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó ń wo ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú mi ní ìlà kejì, arúgbó kékeré tí kò ga ju ọ̀pá rẹ̀ lọ. Ìyókù kò jáde. Ó tẹrí ba bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Akọrin wà nítòsí, èmi náà wà nítòsí, ì bá di ẹnì kan mú. Ṣùgbọ́n Alága kì í di èèyàn mú lójú ọ̀pọ̀ èrò.

Ó jókòó. Ó jókòó sórí àga pupa, láàárín ìlà kìíní gan-an.

Akọrin la ẹnu, kò sóhùn. Ẹ̀rọ ìlù nìkan ló ń lu ara rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lọ fà á dìde, torí ta ló mọ ẹni tó tún máa fọwọ́ kàn? Tay yọ tíṣù aláwọ̀ ewé, ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àga òfìfo tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó tẹ́tí díẹ̀, ó sì sún.

Ó sún, bí a ti ń sún fún ẹni tó fẹ́ jókòó.

Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ta ló ní kó sún?"

Oṣù náà kò tíì parí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan fi bẹ́ nínú orí rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù, ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Dókítà kan tí a kò mọ̀ rí sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ ti kú, pé kò sí nínú ara náà mọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òfin.

"Ọkọ mi kọ̀," ni Siok Hwa wí. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, wọ́n ti yí i padà."

"Irọ́ ni! Bọ̀dá Tíṣà, ẹ sọ fún wọn!"

Mo wo bàtà mi. Bàtà náà kò bá mi sọ ọ́. "Ó yí i padà, Siok Hwa. Torí kíndìnrín ni."

Mo rò pé yóò figbe ta. Ohùn kékeré ló fi béèrè: "Ẹ̀yin ló sọ fún?"

Wọ́n mú awọ ojú rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kíndìnrín nìkan ni ẹnikẹ́ni ò béèrè.

"Ó ní kí ìdajì ilé yìí bá òun kọ̀, ó ju tíṣù sílẹ̀ pé ká jókòó tì í," ni Mui Eng wí nílé kọfí, kò sì rẹ́rìn-ín, "òun ti dìde kúrò ní tábìlì."

Èmi ni mo mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Lau Pek Seng. Lau ti mú gọ́ọ̀mù jáde kí a tó jókòó.

"Màmá, ṣé ojú bíi ti Bàbá ni? Kí ìpéǹpéjú gùn?"

"Má da ara rẹ láàmú. Ti bàbá rẹ̀ kò dé."

Lau gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Kò dé? Gbogbo ọdún tí mo fi lẹ̀ ẹ́?"

"Ó ń wá sójú oorun mi. Ó ṣì ń fọwọ́ tá ògiri kiri."

"Màmá," ni mo wí, "ẹ ò sọ fún Heok Chuan?"

"Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń sun ún."

Lau lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, torí oníṣòwò ni. A sun ún, iná sì jẹ ìpéǹpéjú kó tó jẹ ìyókù. Láti ìgbà náà, bí àjèjì kan bá tẹjú mọ́ mi jù nínú ọkọ̀ ojú irin, mo máa ń kí i. Èèyàn ò mọ ẹni tó ń wo òun.

Oṣù keje tún yí po. Alága tuntun sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò mẹ́nu kan odindi. Mo jókòó ní ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Heok Chuan, ibẹ̀ ni mo ti rí i: lórí àga pupa, láàárín ìlà kìíní gan-an, àpò tíṣù kan, aláwọ̀ ewé, olódòdó wúrà. Gbogbo èèyàn ti rí i. Wọ́n ń wò ó bí wọn kò ṣe wo akọrin.

"Màmá, ta ló fi ìyẹn síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

Ìyá náà yíjú sí mi bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Kò mà ríran mọ́. Bí a ò bá bá a gba àyè sílẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ àga rẹ̀? Bó bá ń fọwọ́ tá a bọ̀, tó bá kàn án, á mọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, tíṣà ni mí, mo kàwé. Ẹ̀rín náà kò wá. Àga òfìfo náà wà níwájú mi tààrà, ó súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń fọwọ́ tá níbẹ̀ lè ṣèèṣì kan orúnkún mi.

Mo sún àga mi sẹ́yìn.