Jìtá Tó Kù Lára Ògiri

Ẹ̀gbọ́n Akíntóyè wá láti Oǹdó sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Isikan, wọ́n wá kó ẹrù ọkọ mi tó kú. Àbúrò wọn ni ọkọ mi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n kó ayùn. Wọ́n kó òòlù. Wọ́n kó ìfági. Wọ́n ní ìyàwó kì í jogún ọkọ. Mo mọ̀.

Wọ́n wá na ọwọ́ sí jìtá tó wà lára ògiri, èyí tí ọkọ mi ṣe kẹ́yìn.

"Ọ̀gá kan ní Alágbàká ti ní òun fẹ́ ẹ. Màá fi ọ̀dà mọ́tò kùn ún, dúdú, kó máa dán bíi ti òyìnbó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dà yẹn á pa ohùn ẹ̀. Ojú ẹ̀ fẹ́lẹ́."

"Ohùn wo? Ìyàwó, igi ọ̀mọ̀ nìyí. Àbí ó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè sọ, èmi àti ọkọ mi la sì jọ fi í pamọ́. Oníbàárà wo ló máa ra jìtá lọ́wọ́ adití? Ṣùgbọ́n mo rí i bí wọ́n ṣe di jìtá yẹn mú lọ́rùn, bí ẹni fẹ́ pa adìyẹ.

"Ọmọ ìyá yín ò gbọ́ ohùn jìtá yẹn rí," mo wí. "Etí ẹ̀ ti di kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun ló ń fá igi, èmi ni mò ń fi ìka lù ú tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Tí mo bá mirí, á tún fá. Tí mo bá gbé ọwọ́ sókè, á dúró. Etí mi ló wà nínú ẹ̀."

Ojú wọn yí padà. "O ń pe àbúrò mi ní adití? Lójú mi?"

"Adití tó ṣe jìtá ni."

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn ò rò pé màá gbà á, ìyẹn ni mo ṣe rí i gbà. Mo ta okùn tó nípọn jù. Ohùn ẹ̀ kì í sáré jáde bíi ti èyí tí wọ́n ń kó wọ̀lú. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó pẹ́ kó tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé ó dáa. Wọ́n ní, "Ẹbí á pè ọ́ ní Sátidé. Wàá gbé e wá."

"Màá wá. Màá gbé e dání. Màá tún gbé e padà."

"Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ lọ sínú ọkọ̀. Mo jókòó, mo gbé jìtá lé itan. Ibì kan ṣì wà nídìí ọrùn jìtá náà tí a ò tíì fá tán, ibẹ̀ ni ohùn ti ń kùn díẹ̀. Ìfági ti lọ. Mo wá àfọ́kù ìgò, mo fi àkísà wé e níbi tí màá dì mú. Mo fi ìka lu jìtá náà. Mo gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá.