Táàpù Tí Mo Ní Ó Jí

Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ni púlọ́ḿbà tó pààrọ̀ táàpù ilé ìdáná mi ní Omole lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó lọ tán, mo wá táàpù idẹ tó yọ kúrò, mi ò rí i. Inú bí mi. Mi ò tilẹ̀ pè é kí n bi í, orí Wásáàpù ẹ́sítéètì wa ni mo gbà lọ: "Ẹ ṣọ́ra fún púlọ́ḿbà Agége yẹn o. Olè ni."

Lánàá, síńkì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo kó gbogbo ọ̀rá tí mo ń tọ́jú sábẹ́ rẹ̀ kúrò. Táàpù idẹ náà ló wà nísàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi ìwé wé. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé náà pé: "Táàpù yín àtijọ́ rè é, mà. Idẹ gidi ni, ẹ má sọ ọ́ nù."

Ẹnu mi yìí!

Síbẹ̀, omi ń jò. Mo bi àwọn ará ẹ́sítéètì bóyá wọ́n mọ púlọ́ḿbà tó ṣeé fọkàn tán. Ìyá Ayọ̀tọ́lá ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ ṣáà má pe Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ fún wa, kò sẹ́ni tó pè é mọ́."

Táàpù náà wà lọ́wọ́ òsì mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́: "Ẹ ṣé, mà."