Àgádágodo Má-kánjú

Ẹ má fojú kékeré wo àgádágodo o. Ẹyọ kan péré ló dá iná orílẹ̀-èdè méjì dúró láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Àwọn tó ń tọ́jú wáyà ńlá tó ń gbé iná kọjá ẹnubodè ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni tó gun òpó onírin, yóò kọ́kọ́ fi àgádágodo tirẹ̀ ti irin tí wọ́n fi ń tan iná. Bí èèyàn márùn-ún bá gòkè, àgádágodo márùn-ún ni yóò wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti tirẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹni tó bá gbàgbé, tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, wọ́n á fi ayùn gé tirẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Má-kánjú, ọ̀kan nínú wọn, fi ṣe iṣẹ́ náà, wọn ò gé tirẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n bá sì gé tirẹ̀, odidi ọdún ni Má-kánjú á fi máa bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ni ìyàwó rẹ̀ fi ń ro ọbẹ̀.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ tuntun kan tí òun àti èèyàn mẹ́rin gòkè fún ni àyà dun Má-kánjú. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ẹlẹ́mìí ti gbà á. Bàtà rẹ̀, aago rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n kó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sì tú u látìgbà náà.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn mẹ́rin tó kù padà sórí òpó, wọ́n parí iṣẹ́ lọ́jọ́ keje. Kálukú ṣí tirẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan. Àwọn ará òdì kejì ẹnubodè, tí wọ́n ti wà lókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ń pe tẹlifóònù ṣáá. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n gé e. Olórí àwọn tó ń gun òpó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun di ọ̀sán, ó sì gba ilé Má-kánjú lọ.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó kí i tán, ó sọ ohun tó bá wá, ilẹ̀ ló ń wò. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo etí ìró rẹ̀.

"Ilé yìí ló ti jáde lọ síbi iṣẹ́," ó ní. "Kò tíì dé. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n sọ pé ó ti dé?"

Ọ̀rọ̀ náà dun olórí wọ egungun. Ó kàn ní bí òun bá padà lọ́wọ́ òfo, ayùn ló kàn, orúkọ Má-kánjú á sì wà lára ògiri.

Obìnrin náà jókòó, ó sunkún. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fà á wò! Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣé ó wá yẹ kí èèyàn kú tán kó tún jẹ ẹ̀sín? Nígbà tí olórí na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, ó ní rárá, òun fúnra òun ló ń lọ.

Níbi iṣẹ́, wọ́n fún un ní akoto ọkọ rẹ̀. Ó tóbi jù, ó ń bò ó lójú. Àgádágodo náà dá wà lára irin, àwòrán Má-kánjú lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, kò sì sẹ́ni tó bá a mú un. Àwọn ọkùnrin náà ti kọjú sí ògiri. Nígbà tó ṣí, ó gbé e mọ́ àyà, ó sọ ohun tó máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Olórí gbé tẹlifóònù. Kí wọ́n tó tan iná, òfin ní kó sọ iye tó gòkè, kó sọ iye tó sọ̀kalẹ̀, kó sì sọ pé àwọn pé. Ó sọ pé àwọn márùn-ún ló gòkè. Ó sọ pé márùn-ún ló sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó kù, ó wo àgádágodo tó wà láyà obìnrin náà. Ẹni tó wà lódì kejì ń dúró dè é.

"Ẹ sọ ọ́," ni ìyàwó Má-kánjú wí. "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ pé."

"A pé," ni olórí wí.

Ohùn kan tún un sọ lódì kejì, gẹ́gẹ́ bí òfin, pé wọ́n pé. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè. Obìnrin náà bọ́ akoto, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì mú àgádágodo ọkọ rẹ̀ lọ sílé.