Bí Mena Ṣe Dúpẹ́ Lójú Mínísítà

Abúlé wa ni ọ̀nà títì parí sí. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń rí òkè Ilẹ̀ Ńlá, orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì omi, kò sì sí ilé tí kò ní èèyàn lọ́hùn-ún. Omi tó là wá láàárín ni wọ́n ń pè ní Ẹnu Ejò. Ẹja kò mọ ààlà níbẹ̀, àwọn apẹja náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí sójà Ilẹ̀ Ńlá bá mú ẹnìkan lójú omi, àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ lọ, tí wọn yóò bẹ ọ̀gá sójà títí yóò fi tú u sílẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti parí ni ìjọba tó ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n mú Anselm, ọkọ Mena, nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọ̀nà yìí náà ni Mena gbà. Nereida, ọmọ Ilẹ̀ Ńlá, ló ń dáná fún àwọn sójà ní àgọ́ tí wọ́n ti Anselm mọ́, òun náà ló sì gbé Josette, ọmọ Mena, dání lọ́jọ́ ìsàmì. Makumè là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sún mọ́ni ju ọmọ ìyá ẹni lọ. Nereida ń bu oúnjẹ fún Anselm lábẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí Mena lórí fóònù pé, "Makumè, ó ti jẹun. Ó ní o ò gbọdọ̀ ta ẹ́ńjìnnì kejì o." Láìpẹ́ ó ní ọ̀gá sójà ti ń rọ̀. Bí ariwo kò bá ti sí, Anselm yóò wà nílé kí ọdún Pétérù Mímọ́, ọdún àwọn apẹja, tó dé.

Ṣùgbọ́n ariwo ti wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan ìjọba tuntun ni, Ọ̀gbẹ́ni Garvin Teeluck, mínísítà tuntun fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, sì ti sọ lórí rédíò pé abẹ́ tábìlì ni ìjọba àtijọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀. Òun yóò sọ̀rọ̀ ní gbangba kí gbogbo ayé gbọ́. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ohun tó sọ náà ló gbà gbọ́, pé ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá mọ̀ pé erékùṣù kékeré náà ní ẹnu. Ó ní òun ń kó àwọn oníròyìn òkèèrè bọ̀ wá sí abúlé wa nítorí Anselm.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì rẹ̀, Kezia, wá bá Mena ní ilé ìdáná, níbi tí ó ti ń dín àkàrà ìyẹ̀fun. Tanti Ultima, aládùúgbò rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa gbé fọ́tò ọkọ yín dání, mà," ni Kezia wí. "Kẹ́ ẹ sì sọ pé wọ́n ń febi pa á."

"Wọn ò febi pa á."

"Ẹ ò sáà sí níbẹ̀, mà."

"Èèyàn mi wà níbẹ̀."

"Èèyàn wo?"

Mena yí àkàrà náà padà nínú òróró. Tanti Ultima wo Kezia láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí ná? Ìwọ tó o rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí lo wá ń kọ́ wa bí ebi ṣe ń pààyàn!"

Kezia rẹ́rìn-ín, ó sì gba oúnjẹ tí Mena nà sí i. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, mi ò ní tàn yín. Àwọn tí wọ́n mú pọ̀. Ẹni tí ayé bá ti mọ ojú ẹ̀ ni Mínísítà máa kọ́kọ́ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá fara pamọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n máa to ọkọ yín sí."

Bó ṣe jáde ni Tanti Ultima ní, "Má lọ o. Ṣebí makumè ẹ ní kò gbọdọ̀ sí ariwo?"

"Wọ́n ti pariwo tán, Tanti. Tí mi ò bá lọ báyìí, wọ́n á ní èmi gan-an ni ò wá ọkọ mi."

"Kí lo wá fẹ́ sọ?"

"Òótọ́ ni màá sọ. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Tí ọ̀gá wọn bá gbọ́ pé mo sọ dáadáa nípa wọn, ṣé inú ẹ̀ ò ní rọ̀ ni?"

Tanti Ultima rò ó wò, kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwa tí a gbọ́ náà kò rí i.

Lọ́sàn-án, wọ́n ta àgọ́ sórí iyanrìn, wọ́n ri àsíá mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ ojú kámẹ́rà sí ọ̀nà Ilẹ̀ Ńlá. Mínísítà sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Mena.

"Ẹ káàsán o," ni Mena wí. "Ẹja ni ọkọ mi lọ pa, kò jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọkọ mi. Wọn ò febi pa á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ."

Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bí àwọn olórin Kérésì bá jẹun nílé ẹnìkan, wọn kì í jáde láìfi orin ìdágbére dárúkọ ẹni tó se oúnjẹ náà. Bí a kò bá dárúkọ, ọpẹ́ kò tíì pé. Ẹni tí a sì ṣe lóore tí kò dúpẹ́, kò yàtọ̀ sí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ. Mena gbé orí sókè.

"Nereida, makumè mi, tó ń dáná lágọ̀ọ́ sójà. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

A pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Ọwọ́ Tanti Ultima nìkan ló dúró lójú òfuurufú.

Mínísítà gba ẹ̀rọ náà padà, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ gbọ́ o! Aráàlú wọn gan-an, nínú àgọ́ sójà wọn gan-an, ti wà lẹ́yìn wa!"

"Sà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Mena wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo Ilẹ̀ Ńlá. Mena pe Nereida, fóònù dún títí, kò gbé e. Nígbà tó tún pè é, kò dún rárá. Ó fi ohùn ránṣẹ́: "Makumè, dárí jì mí. Fún mi lóhùn." Èsì kò wá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni tẹlifíṣọ̀n Ilẹ̀ Ńlá gbé Anselm jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn tú u sílẹ̀ kí ayé lè mọ̀ pé aláàánú ni àwọn. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, Mínísítà dì mọ́ ọn, omi sì wà lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

"Ìyáàfin, ohùn yín ló mú un wálé!"

"Ẹ ṣeun, sà. Nereida ńkọ́?"

"Ta ni Nereida?"

"Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ."

Ojú Mínísítà yí padà, torí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ ilẹ̀ wọn ni, Ìyáàfin. Ọ̀rọ̀ inú ilé wọn nìyẹn. A ò lè dá sí i."

"Lọ́jọ́sí ẹ ní ó wà lẹ́yìn wa."

Mínísítà kọjú sí omi. Kezia fọwọ́ kan apá rẹ̀ pé àwọn oníròyìn ń dúró.

Nílé, Mena bu ìrẹsì àti adìẹ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹun, Bàbá Josette."

Kò fọwọ́ kàn án. "Lójú mi ni wọ́n ṣe mú Nereida. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó ń gbé ọ̀rọ̀ wá fún mi, mo ní rárá. Wọ́n wá gbé fóònù ẹ̀ jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹ ni mo gbọ́, tó ò ń ní kó dárí jì ẹ́."

Mena jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Anselm gbé ẹ́ńjìnnì kejì lọ sí etí omi, ó so ó mọ́ ọkọ̀ ọmọ Tanti Ultima. Mena sáré tẹ̀ lé e.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé obìnrin yẹn ò mọ nǹkan kan."

"Wọn ò ní gbọ́. Wọ́n á tún tì yín mọ́lé ni."

"Ṣé kí n wá jókòó síbí kí n máa jẹ adìẹ?"

"Tẹ́nìkan bá máa lọ, èmi ni. Ẹnu mi ló dárúkọ ẹ̀." Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sórí pákó.

"Sọ̀kalẹ̀, Mena."

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

Àwa tí a wá ra ẹja dúró, a ń wò wọ́n. Anselm dúró nínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó di etí ọkọ̀ mú. Kò lè ti ọkọ̀ síwájú kó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀, kò sì lè fà á sílẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí omi fi fà sẹ́yìn, tí ìdí ọkọ̀ kanlẹ̀, tí Mena sì jókòó sínú rẹ̀ lórí iyanrìn.